Ìtàn Sẹ́ẹ̀lì Raji, tàbí Bí A Ṣe Ń Wo Ìjà Inú Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgò

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ìsọlọ̀ ní ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, mo sọ fún wọn pé bí kòkòrò àrùn bá wọ inú ara, àwọn ọmọ-ogun kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí wọn a dìde láti pàdé rẹ̀. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn, àfi ọmọdébìnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, inú ẹ̀jẹ̀ ṣókùnkùn. Ta ni ó wọ ibẹ̀ lọ tí ó rí ìjà náà?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn ọlọ́gbọ́n ayé ti ń wá ìdáhùn sí láti nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn. Mo ṣèlérí fún un pé èmi yóò kọ ìdáhùn náà sílẹ̀, òun náà sì nìyí. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó gba òkè òkun kọjá, ṣùgbọ́n ó yà sí ilé tiwa ní Ìbàdàn ní ọdún 1963, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa. Ọ̀nà ojú-irin tí a ṣí láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Òṣòdì kọjá, gbogbo ohun tí ọkọ̀ òkun bá sì já sí Èkó, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe iyọ̀, ìbáà ṣe àrùn, ó lè rí ọ̀nà gbà wọ inú ilẹ̀ lọ. Ní ọdún 1924 àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Kò tán kíákíá, ọdún 1930 ti kọjá kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìbẹ̀rù rẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ ìtúnlùúṣe Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1928, ìgbìmọ̀ náà sì wó ilé púpọ̀ ní erékùṣù. Ohun tí ó fa àrùn yìí jẹ́ bakitéríà kan tí Alexandre Yersin rí ní Hong Kong ní ọdún 1894. Inú kòkòrò kékeré tí ń fò lára eku ni ó ń gùn wá bá ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mú ni ó pa. Nínú ilé kan náà, ọ̀kan a kú, èkejì a yè. Kí ni ó wà nínú ara ẹni tí ó yè?

Nǹkan mìíràn tún wà ní Òṣòdì tí mo fẹ́ kí ẹ rántí kí a tó kúrò nílé. Ní ọdún 1956 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí nípa iṣẹ́ ọwọ́ àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FIIRO. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ó mú orúkọ ilé náà jáde ni ìwádìí lórí gàrí. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ tipẹ́ pé bí a bá rin ẹ̀gẹ́, a ó jẹ́ kí ó kan kí a tó yan án. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń kan án? Ní ọdún 1959, P. Collard àti S. Levi kọ ọ́ sínú ìwé-ìròyìn Nature pé ìpele méjì ni kíkan náà ní, àti pé àwọn ẹ̀dá àìfojúrí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Kí ènìyàn tó lè mọ irú èyí, ó ní láti kó àwọn ẹ̀dá wọ̀nyí sínú àwo dígí, kí ó fún wọn ní oúnjẹ tí wọ́n ń fẹ́, kí ó sì máa sìn wọ́n bí ẹni ń sin adìẹ. Bí a bá lè sin kòkòrò tí ń kan ẹ̀gẹ́, a lè sin kòkòrò tí ń pa ènìyàn pẹ̀lú, àwọn amòye sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ayé Robert Koch ará Jámánì. Èyí tí ó le ni láti sin ẹni tí ń bá kòkòrò náà jà, èyíinì ni sẹ́ẹ̀lì inú ara ènìyàn fúnra rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí ìjà náà ni Élie Metchnikoff, ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Ukraine lónìí. Ní ìparí ọdún 1882 ó ń gbé ní Messina, ní erékùṣù Sicily, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ní ọjọ́ kan gbogbo ará ilé lọ wo àwọn ìnàkí tí ń ṣeré, òun nìkan ni ó kù sílé pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ó ń wo ọmọ ẹja ìràwọ̀, ẹ̀dá òkun kékeré kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, tí ènìyàn lè wo inú rẹ̀ já láìla á. Ó ń rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń rìn káàkiri nínú rẹ̀. Èrò kan sì sọ sí i lọ́kàn: bóyá àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí ni ọmọ-ogun ara. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀gún bá gún ẹ̀dá náà, wọn yóò sáré pé lé e lórí. Ó lọ sínú ọgbà, ó já ẹ̀gún lára igi róòsì, ó fi gún wọn lára. Kò lè sùn ní òru ọjọ́ náà. Ní kùtùkùtù ó wò ó, ó sì rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti pé yí ẹ̀gún náà ká bí àwọn ènìyàn ti í pé yí olè ká lọ́jà. Lẹ́yìn èyí ó rí i pé wọ́n a máa gbé kòkòrò mì pẹ̀lú. Ó fi èdè Gíríìkì pè wọ́n ní ajẹ-nǹkan. Èmi yóò máa pè wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò. Ní ọdún 1908 a fi Ẹ̀bùn Nobel dá òun àti Paul Ehrlich lọ́lá pọ̀.

Bí mo bá rántí ìtàn yìí, ohun tí ó máa ń wù mí nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀gún igi ni irin-iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ tí ń ráhùn pé ilé-ìwé wọn kò ní ohun èlò, kí wọ́n gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹja ìràwọ̀ kì í ṣe ènìyàn. Ẹni tí ó gbé ìjà náà bọ́ sínú dígí pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ni Almroth Wright, oníṣègùn ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1903, òun àti Stewart Douglas mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, wọ́n mú bakitéríà, wọ́n mú omi tí ó máa ń yà sókè lórí ẹ̀jẹ̀ dídì, wọ́n pò wọ́n mọ́ra nínú ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n jẹ́ kí ó móoru bí ara ènìyàn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn èyí wọ́n tẹ́ ẹ sórí dígí pẹlẹbẹ, wọ́n sì ka iye kòkòrò tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ti gbé mì. Wọ́n rí i pé bí omi ẹ̀jẹ̀ náà kò bá sí níbẹ̀, jíjẹ náà kì í lọ dáadáa. Ohun kan wà nínú omi náà tí ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára tí ń mú kí ó rọrùn láti gbé mì. Wright sọ ọ́ ní orúkọ kan láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ ohun tí a fi ń jẹ oúnjẹ. Kò sí ìtumọ̀ tí ó yé Yorùbá ju ọbẹ̀ lọ: iyán gbígbẹ há lọ́fun, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá kàn án, òkèlè a lọ.

Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó kù, ó sì tóbi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò tí a bá fà láti inú apá ènìyàn kì í pẹ́ láyé. Àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í kọjá nǹkan bí ọjọ́ kan tí a bá kó wọn síta. Ohun tí ènìyàn ṣe lónìí, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò fi tún un ṣe lọ́la, ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnì kejì. Ẹni tí ó fẹ́ wọn nǹkan kò gbọdọ̀ máa pààrọ̀ òṣùwọ̀n ní ojoojúmọ́. Ní ọdún 1907 Ross Harrison ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ẹ̀yà ara ọ̀pọ̀lọ́ lè dàgbà nínú ẹ̀kán omi lábẹ́ dígí. Ní ọdún 1951, ní Baltimore, George Gey sin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láti ara Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò kú, wọ́n ń bí sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara obìnrin ni ìyẹn ti wá. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti inú ẹ̀jẹ̀ àti àwọn kókó ara wá ṣì ń ṣe agídí.

Ibi tí ìtàn náà ti yà wọ ilé wa nìyí. A dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, a sì ṣí ilé ìwòsàn rẹ̀ ńlá, tí gbogbo wa mọ̀ sí UCH, ní ọdún 1957. Ní àkókò náà Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ará Ireland tí ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, ti ṣàkíyèsí àrùn kan tí ń wú àwọn ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó ń yára pa wọ́n. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Jẹjẹrẹ ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ eegun bí ojú ti rí i, bí kò ṣe ti irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan. Burkitt tún rí i pé ibi tí ooru àti òjò bá pọ̀ sí, níbi tí ibà ẹ̀fọn kì í ti í lọ, ni ó ti wọ́pọ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn òbí ń gbé ọmọ tí ó ní irú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sí Ìbàdàn.

Oníṣègùn tí ó ń wo ẹ̀yà ara wọn lábẹ́ awò ni R. J. V. Pulvertaft. Àgbàlagbà ni, a bí i ní ọdún 1897, ó ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ogun àgbáyé kejì ó wà ní Íjíbítì, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dán penisílìnì wò lórí ọgbẹ́ àwọn ọmọ-ogun, nígbà tí oògùn náà ṣì ṣọ̀wọ́n bí omi ní aṣálẹ̀. Nígbà tí ẹlòmíràn ì bá máa sinmi, ó wá sí Ìbàdàn. Ìwà kan ni ó yà á sọ́tọ̀: kò fẹ́ràn láti máa wo òkú sẹ́ẹ̀lì tí a ti fi aró pa. Ààyè ni ó fẹ́ wò, bí ó ti ń rìn, bí ó ti ń jẹun, bí ó ti ń pín sí méjì. Nítorí náà, bí a bá gé èérún díẹ̀ lára wíwú náà, yóò fi sínú ìgò pẹ̀lú oúnjẹ, yóò gbé e sí ibi tí ó móoru bí ara, yóò sì máa ṣọ́ ọ.

Ní ọdún 1963 ó rí gbà láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ọmọkùnrin ará Nàìjíríà kan, ẹni ọdún 11. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Wọ́n ń léfòó nínú omi, wọ́n ń kó ara wọn jọ bí òṣùṣù ọwọ̀, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Ọjọ́ gorí ọjọ́, wọn kò dẹ́kun. A sọ wọ́n ní Raji. Ìdílé sẹ́ẹ̀lì mìíràn láti ara ọmọdé mìíràn ní ọdún kan náà ni a sọ ní Jijoye. Pulvertaft kọ ìwé nípa iṣẹ́ rẹ̀ lórí àrùn yìí sínú Lancet ní oṣù kejì ọdún 1964. Títí di òní, bí a bá ń ka ìtàn sísìn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, Raji ni wọ́n máa ń fi ṣe àkọ́bí, nítorí òun ni wọ́n kà sí ìdílé àkọ́kọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí kò dẹ́kun láti máa bí sí i nínú ìgò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé idán ni. Sẹ́ẹ̀lì rere a máa mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dẹ́kun pípín. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti gbàgbé. Ohun tí ń pa ọmọ náà ni ó jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà láàyè. Mo ti kọ gbólóhùn yìí, mo ti pa á rẹ́, mo sì tún ti kọ ọ́ padà, nítorí n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi lè sọ ọ́.

Irú ọmọ-ogun wo ni Raji? Nínú ogun ara, oríṣiríṣi iṣẹ́ ni ó wà. Àwọn kan ń gbé ọ̀tá mì. Àwọn ni Metchnikoff rí. Àwọn mìíràn kì í jẹ kòkòrò, ṣùgbọ́n àwọn ni ó ń rọ ohun ìjà tí ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára, irú èyí tí Wright fi wé ọbẹ̀. Ìran àwọn arọ̀hun-ìjà yìí ni Raji ti wá. Ní ọdún 1964 Anthony Epstein, Bert Achong àti Yvonne Barr rí kòkòrò àrùn kan tí ó kéré ju bakitéríà lọ nínú sẹ́ẹ̀lì láti ara ọmọ Uganda tí ó ní àrùn Burkitt. Raji pẹ̀lú ní àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú, ó sì ran àwọn tí ń wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìyẹn jẹ́ ìtàn mìíràn. Bakitéríà ni ìbéèrè ọmọ Ìsọlọ̀ wa, òun ni kí a padà sí.

Lẹ́yìn tí Raji ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀, àwọn ajẹkòkòrò náà gbà kí a sìn wọ́n. Ní ọdún 1976 ìdílé kan jáde ní Sweden, tí a pè ní U937. Ní ọdún 1980 òmíràn jáde ní Japan láti ara ọmọ ọwọ́ ọlọ́dún kan tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, a pè é ní THP-1. Wọ́n ń léfòó bíi Raji, ṣùgbọ́n bí a bá fi oògùn kan sí THP-1, yóò dẹ́kun pípín, yóò lẹ̀ mọ́ ìdí àwo, yóò na ọwọ́ na ẹsẹ̀, yóò sì di ajẹkòkòrò gidi. Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ mi. A ó tẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì sí ìdí àwo. A ó da bakitéríà lé wọn lórí, a ó fún wọn ní àyè díẹ̀ láti jẹ ẹ́. A ó fọ àwo náà. Síbẹ̀ bakitéríà púpọ̀ ṣì kù lóde tí ó lè da ìkà rú, nítorí náà a ó bu oògùn gentamicin sí i. Oògùn yìí a máa pa bakitéríà tí ó wà lóde, ṣùgbọ́n kì í tètè wọ inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Èyí tí a ti gbé mì wà lábẹ́ òrùlé. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan a ó fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, a ó tẹ́ ohun inú wọn sórí oúnjẹ bakitéríà, a ó sì ka iye ìdì tí ó hù ní ọjọ́ kejì. Bí kò bá sí ohun tí ó hù, àwọn ọmọ-ogun ni ó ṣẹ́gun. Bí ìdì bá pọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ, a jẹ́ pé ọ̀tá tí wọ́n gbé mì ti sọ ikùn wọn di ilé, ó ń bímọ níbẹ̀.

Irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n. Bakitéríà ikọ́ ife, tí Koch rí ní ọdún 1882, jẹ́ ọ̀gá nínú rẹ̀. Bí ajẹkòkòrò bá gbé nǹkan mì, inú àpò kékeré kan ni ó máa ń fi í sí, lẹ́yìn èyí àpò mìíràn tí ó kún fún omi kíkan yóò wá dà mọ́ ọn láti yọ́ ọ. Bakitéríà ikọ́ ife a máa dí ọ̀nà mọ́ àpò kejì náà, yóò sì jókòó ní àlàáfíà. Ti ibà táífọ́ọ̀dù, tí ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ mọ̀ dáadáa ní àkókò tí omi kò bá mọ́, ní ọgbọ́n tirẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ní ìṣòro kan tí ó mú kí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ṣe pàtàkì: ènìyàn nìkan ni bakitéríà yìí ń bá jà. Eku tí a fi ń dán nǹkan wò kì í ṣàìsàn rẹ̀ bí ènìyàn ti ń ṣe é. Ìbátan rẹ̀ kan ni ó ń da eku láàmú. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi eku nìkan kọ́ ẹ̀kọ́ táífọ́ọ̀dù dà bí ẹni tí ó lọ gbọ́ ẹjọ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò nígbà tí onílé wà nílé.

Raji wá ńkọ́, tí kì í jẹ kòkòrò? Ìdí tí mo fi kọ gbogbo èyí wà níhìn-ín. Ògiri ìfun wa dúró gbọn-in, bakitéríà kò lè dédé wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan lára rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ-ogun ara ti pàgọ́ sí ẹ̀yìn ògiri, àwọn sẹ́ẹ̀lì aṣọ́nà kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú díẹ̀ nínú ohun tí ń kọjá nínú ìfun, kí wọ́n sì gbé e wọlé fún àwọn ọmọ-ogun náà láti yẹ̀ wò. Ẹnu ọ̀nà rere ni, ṣùgbọ́n ọlọ́ṣà mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Àwọn aṣọ́nà wọ̀nyí kéré níye, ó sì ṣòro gidigidi láti rí wọn gbà. Ní ọdún 1997 Sophie Kernéis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Switzerland kọ ọ́ sínú ìwé-ìròyìn Science pé bí a bá sin sẹ́ẹ̀lì ìfun ènìyàn di ògiri nínú àwo, tí a sì fi àwọn ọmọ-ogun inú ìfun eku sí ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn kan nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun náà yóò yí padà di irú aṣọ́nà yẹn, wọn yóò sì máa gbé bakitéríà onígbáméjì kọjá. Ní ọdún 2000 àwọn ará Uppsala ní Sweden fi Raji rọ́pò ti eku, kí ó lè jẹ́ pé ti ènìyàn ni ohun gbogbo. Raji ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọdún 2008, Isabel Martinez-Argudo àti Mark Jepson ní Bristol lo irú ògiri bẹ́ẹ̀ láti fi wo ọ̀nà tí Salmonella ń gbà kọjá. Wọ́n rí i pé irin-iṣẹ́ tí bakitéríà náà fi ń já ilẹ̀kùn níbòmíràn kò pọn dandan fún un ní ẹnu ọ̀nà yìí. Àwọn aṣọ́nà fúnra wọn ni ó ń gbé e wọlé.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí ó wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ wa ní ọdún 1963. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì ìfun ará òkèèrè bí a ti í ṣílẹ̀kùn, kí ayé lè mọ ibi tí onígbáméjì àti ìbátan táífọ́ọ̀dù ń gbà wọlé. Àwọn àrùn wọ̀nyí kò tíì kúrò ní àdúgbò wa.

A kò gbọ́dọ̀ sọ àsọdùn. Raji kì í ṣe ọmọ-ogun pípé. Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti pẹ́ nínú ìgò. Ohun tí ó bá ṣe nínú àwo, a ní láti tún wò ó bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ nínú ara. Ìgò pẹ̀lú lè tan ènìyàn jẹ. Ní ọdún 1966 Stanley Gartler fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìdílé sẹ́ẹ̀lì tí àwọn amòye rò pé wọ́n yàtọ̀ síra ni ti Henrietta Lacks ti wọ inú wọn láìmọ̀, tí ó sì ti borí wọn bí èpò ti í borí ẹ̀bẹ. HEp-2, tí wọ́n rò pé ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn kan ni ó ti wá, wà lára àwọn tí ọ̀ràn yìí kàn. Síbẹ̀ HEp-2 náà ti wúlò fún wa nílé. Iruka Okeke, Adebayo Lamikanra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mú bakitéríà láti ara àwọn ọmọdé ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn tí ń ṣu àti àwọn tí kò ṣu, wọ́n sì wo bí wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Àwọn oríṣi kan ń tò jọ lórí rẹ̀ bí bíríkì tí bíríkìlà tò. Ní ọdún 2000 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì ọmọ-ogun ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni, ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ wa ni ó sì ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ń dùn mí. Ìwé àkójọ tí àwọn tí ń tọ́jú Raji fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀ sọ pé ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún 11, aláwọ̀ dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, 1963. Ó sọ irú oúnjẹ tí ó ń jẹ àti bí ooru rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó. Orúkọ ìyá kò sí níbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà kì í ṣe àṣà àwọn oníṣègùn, ìbáà ṣe ní Baltimore tàbí ní ibòmíràn, láti jókòó ti òbí kí wọ́n sọ pé, "Ẹ̀yà ara ọmọ yín yìí, a fẹ́ máa sìn ín títí ayé, ṣé ẹ gbà?" Ọdún 1964 ni àwọn oníṣègùn àgbáyé tó ṣe àdéhùn ní Helsinki lórí bí a ti í fi ènìyàn ṣe ìwádìí. Nàìjíríà ṣe ìlànà tirẹ̀ fún ìwádìí ìlera ní ọdún 2007, òfin ìlera ti ọdún 2014 sì sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara ẹni tí ó wà láàyè láìjẹ́ pé ó mọ ohun tí ó ń gbà sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìdílé Henrietta Lacks àti ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ parí ẹjọ́ láàárín ara wọn.

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ pé orúkọ náà nìkan ti tó ọlá, nítorí pé a ń pè é ní ilẹ̀ gbogbo. Èmi kò lè bá a dé ibẹ̀. Lónìí nọ́ńbà ni wọn ì bá fún un, kí àṣírí aláìsàn má baà tú, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan, èmi àti ọmọ Ìsọlọ̀ wa kì bá tí mọ̀ pé ọmọ ilé kan wà nínú ìtàn yìí. Èrò mi pín sí méjì lórí rẹ̀.

Nọ́ńbà náà sì wà pẹ̀lú orúkọ. Ní ilé ìpamọ́ sẹ́ẹ̀lì ńlá ti Amẹ́ríkà, Raji ni CCL-86, Jijoye ni CCL-87. Ti Jámánì ń kọ Raji ní ACC 319. A fi wọ́n sínú ìgò kékeré tí kò tó ìka ọwọ́, a rì í sínú òtútù tí ó tó ìwọ̀n 196 lábẹ́ òdo. Bí ilé ìwádìí kan ní Yaba tàbí ní Ìbàdàn gan-an bá fẹ́ sin Raji, yóò kọ̀wé sí irú ilé ìpamọ́ bẹ́ẹ̀, yóò san owó rẹ̀, wọn yóò sì fi ìgò náà sínú àpótí pẹ̀lú yìnyín gbígbẹ, a ó sì gbé e wá sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí kò jìnnà sí Òṣòdì.